Ìjì Ojú Òkun àti Etí Tó Ń Gbọ́ Orúkọ Rẹ̀

Ìjì ayípo ilẹ̀ olóoru ni ìjì ńlá tó ń bẹ̀rẹ̀ lójú òkun tí omi rẹ̀ gbóná, tó ń yí po ní àyíká ibi kan tí ìwúwo afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ ju ti ìtòsí rẹ̀ lọ, tó sì ń rìn bó ti ń yí, tí ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi kó tó túká. Ooru inú òkun ló ń bọ́ ọ. Omi gbọ́dọ̀ gbóná tó 26.5°C ó kéré tán, ooru náà sì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó nǹkan bí 50 mítà, nítorí pé ìjì máa ń ro omi pọ̀ bó ti ń kọjá, bí omi tútù bá sì wà nítòsí ojú òkun, kíá ni yóò ru sókè tí agbára ìjì náà yóò sì rọ̀. Omi tó gbẹ lọ sókè ń di ìkùukùu, bó ti ń di ìkùukùu ló ń tú ooru sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ooru yìí mú gbóná ń gòkè sí i, afẹ́fẹ́ mìíràn sì ń ya wọlé nísàlẹ̀ láti gba ipò rẹ̀. Yíyí tí ayé ń yí ló ń yẹ afẹ́fẹ́ tó ń ya wọlé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ìjì ń yí lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, tí ti gúúsù sì ń bá ọwọ́ aago lọ. Lórí ìlà agbedeméjì ayé gan-an, ipá tó ń yẹ afẹ́fẹ́ yìí kò sí rárá, ìdí sì nìyẹn tí irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í fi í sábà bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò bá jìnnà tó ìwọ̀n 5 sí ìlà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Vamei, tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí Singapore ní oṣù Kejìlá ọdún 2001 níbi tí kò tó ìwọ̀n 2 sí ìlà ọ̀hún, fi hàn pé òfin náà lè yẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìran ìjì yìí yàtọ̀ láti òkun dé òkun. Ní Òkun Àtìláńtíìkì ti àríwá àti ní apá ìlà-oòrùn Òkun Pàsífíìkì, bí atẹ́gùn rẹ̀ bá ti tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan, họ́ríkéènì ni; ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá Pàsífíìkì, níbi tí Jàpáànù, Ṣáínà àti Filipíìnì wà, taifúùnù ni; ní Òkun Íńdíà àti gúúsù Pàsífíìkì, sàíkílóònù ni, ọ̀rọ̀ tí Henry Piddington, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ojú omi ní Kàlìkọ́tà, fi èdè Gíríìkì ṣẹ̀dá, tó sì tàn kálẹ̀ nípasẹ̀ ìwé tó kọ fún àwọn atukọ̀ ní ọdún 1848. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá sì ń jiyàn pé ọ̀kan nínú wọn burú ju èkejì lọ ń ṣe wàhálà lásán ni. Ìyàtọ̀ tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún wà nínú bí wọ́n ṣe ń wọn atẹ́gùn: ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà ń lo ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú kan, ti Íńdíà ń lo ti ìṣẹ́jú mẹ́ta, ti Jàpáànù àti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń lo ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí náà ìjì kan ṣoṣo lè lágbára nínú ìwé Amẹ́ríkà ju bó ti rí nínú ìwé Tokyo lọ, láìjẹ́ pé ẹnì kan purọ́.

Yàtọ̀ sí orúkọ ìran, ìjì kọ̀ọ̀kan tún ń gba orúkọ àdáni tirẹ̀, irú bíi Katrina, Idai tàbí Haiyan, ọ̀rọ̀ orúkọ àdáni yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí eré, tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ mọ̀ pé kì í ṣeré. Ìjì méjì tàbí mẹ́ta lè wà lórí òkun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ìjì wà lórí àwòrán ayé nìkan ni wọ́n ń kà lórí rédíò, ó rọrùn kí atukọ̀ gba ti ìjì kan kó sì fi ṣe ti èkejì, pàápàá bí rédíò bá ń hó. Iṣẹ́ orúkọ ni kí etí tó gbọ́ ọ lónìí lè dá a mọ̀ lọ́la pé ìjì àná nìyí. Bí a bá gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, a jẹ́ pé àwọn tí yóò gbọ́ ọ, ìyẹn àwọn tó ń gbé etíkun tí ìjì náà dojú kọ, ló lẹ́tọ̀ọ́ sí yíyàn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ojú yìí ló yẹ kí èèyàn fi wo ètò tí agbègbè òkun kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé, nítorí pé ibi tí ètò náà ti ń mẹ́hẹ jẹ́ ibi tí wọ́n ti gbàgbé etí olùgbọ́.

Ìkùukùu lásán kì í gba orúkọ. Atẹ́gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó kìlómítà 63 ní wákàtí kan kó tó kúrò ní ìdààmú ojú ọjọ́ tó ní nọ́ńbà lásán, kó tó di ìjì tó ní orúkọ. Ní Àtìláńtíìkì, ọkọ̀ òfuurufú ológun máa ń wọ inú ìjì lọ wọn atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ agbègbè òkun yòókù, àwòrán sátẹ́láìtì ni awòye ojú ọjọ́ gbójú lé, pẹ̀lú ọgbọ́n tí Vernon Dvorak, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Bí ìkùukùu ṣe tò ni ọgbọ́n yìí ń kà, kì í ka atẹ́gùn. Awòye á wá ọ̀já ìkùukùu tó ń lọ́ mọ́ àárín ìjì, á sì wọn bó ti lọ́ jìnnà tó: bó bá ti lọ́ tó nǹkan bí ìlàjì òbírí, yóò kọ 2.5 sílẹ̀ lórí àtẹ tó lọ láti 1 dé 8, ìwọ̀n 2.5 yìí ló sì bá atẹ́gùn ẹnu ààlà orúkọ mu. Bó bá jẹ́ 2.0, orúkọ kò tíì yá. Àárín nọ́ńbà méjèèjì yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí, nítorí pé ojú ìjì kò tíì là lásìkò yẹn, ìkùukùu òkè lè bo àárín tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, àwọn méjì tó jọ ń wo àwòrán kan náà lóru sì lè fi àárín náà sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé máa gbọ́ láàárọ̀ sinmi lórí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Kí àtòjọ tó dé, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n gbà. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì tí Sípéènì ń ṣàkóso, orúkọ ẹni mímọ́ tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí ìjì wọlé ni wọ́n fi ń pe ìjì náà, bí Yorùbá ṣe ń pe ọmọ tí wọ́n bí sí àsìkò ọdún ní Abíọ́dún. Ètò náà ní àléébù kan tó hàn kedere ní Puerto Rico, níbi tí ìjì ńlá méjì ti jà ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀kan ní ọdún 1876, èkejì ní ọdún 1928. San Felipe ni àkọ́kọ́, ìkejì kò sì rí orúkọ mìíràn jẹ́ ju San Felipe Kejì lọ. Yàtọ̀ sí èyí, orúkọ irú bẹ́ẹ̀ kì í wúlò fún ìkìlọ̀, nítorí pé ìgbà tí ìjì bá dé tán ni wọ́n tó mọ ọjọ́ tó dé.

Ẹni tó kọ́kọ́ ń sọ ìjì lórúkọ nígbà tó ṣì wà lójú omi ni Clement Wragge, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Queensland, ní Ọsirélíà, láti ọdún 1887 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Lẹ́tà èdè Gíríìkì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí orúkọ inú ìtàn àtijọ́ àti orúkọ obìnrin, nígbà tí ìjọba kò sì gba ohun tó ń fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àwọn olóṣèlú tí kò fẹ́ràn pe ìjì, kí àwọn èèyàn lè máa kà á nínú ìwé ìròyìn pé lágbájá ń ṣèjàǹbá kiri. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó sọ ìkìlọ̀ di pápá ìjà àdáni, nígbà tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, àṣà náà kú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọsirélíà òde òní ti kọ́ ọgbọ́n: ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí orúkọ tó kàn lórí àtòjọ jẹ́ Anthony, tí olórí ìjọba tó wà lórí oyè sì ń jẹ́ Anthony Albanese, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ fo orúkọ náà, wọ́n sì pe ìjì náà ní Alfred.

Ìwé ìtàn àròsọ kan, *Storm*, tí George R. Stewart ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1941, wà lára ohun tó jí àṣà náà dìde. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́ awòye ojú ọjọ́ kan pe ìjì ní Maria. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn awòye ológun Amẹ́ríkà tó wà ní Pàsífíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyàwó àti àfẹ́sọ́nà wọn tó wà nílé pe taifúùnù. Ní Àtìláńtíìkì, láti ọdún 1950 sí 1952, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ológun fi ń pe lẹ́tà lórí rédíò ni wọ́n lò, Able, Baker, Charlie, wọ́n sì yí i padà sí orúkọ obìnrin ní ọdún 1953. Odidi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni orúkọ obìnrin nìkan fi wà níbẹ̀, tí àwọn oníròyìn ń fi ìjì ṣe yẹ̀yẹ́ obìnrin tínú ń bí. Roxcy Bolton, ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ní Florida, bá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ fà á gan-an. Ọsirélíà ló sì kọ́kọ́ gbà ní ọdún 1975 pé kí takọtabo jọ ru ẹ̀bi náà, kí ìlà-oòrùn Pàsífíìkì tó tẹ̀ lé e ní 1978, àti Àtìláńtíìkì ní 1979. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ìjì tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin ń pa èèyàn jù nítorí pé àwọn èèyàn kì í bẹ̀rù rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n wọ́n ka àwọn ọdún tí gbogbo ìjì fi ń jẹ́ orúkọ obìnrin mọ́ ọn, àwọn ọdún tí ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì dára tó ti ìsinsìnyí, nítorí náà ó tọ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe kọ̀ láti gbà á.

Àtòjọ Àtìláńtíìkì ti òde òní jẹ́ mẹ́fà, orúkọ 21 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, takọtabo tẹ̀ lé ara wọn ní ìtò A, B, C, wọ́n sì fo Q, U, X, Y àti Z nítorí pé orúkọ tó fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àtòjọ kan náà yóò tún padà wá, àfi orúkọ ìjì tó bá ṣọṣẹ́ púpọ̀, tí orílẹ̀-èdè tó kàn bá ní kí wọ́n yọ. Ìgbìmọ̀ Họ́ríkéènì ti Àjọ Àgbáyé fún Ìmọ̀ Ojú Ọjọ́ ló ń dájọ́ lórí rẹ̀: Katrina kúrò lẹ́yìn ọdún 2005, Katia rọ́pò rẹ̀, Maria náà, orúkọ tí Stewart lò, kúrò lẹ́yìn tó ba Puerto Rico àti Dominica jẹ́ ní ọdún 2017, ó sì di Margot. Ìṣòro yọjú níbi tí orúkọ bá ti tán kí ọdún tó parí. Lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n ń yá lò nígbà náà, ó sì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2005, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2020, ọdún tí ìjì 30 gba orúkọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 yẹn, Zeta ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Eta àti Theta jọ wà lórí òkun, Iota sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí olùkàròyìn sọ pé Eta ń lọ síhìn-ín, Theta ń lọ sọ́hùn-ún, kí apẹja tó ń fetí sí rédíò kékeré nínú ọkọ̀ mọ èyí tó ń bọ̀ wá bá òun, iṣẹ́ ńlá ni. Eta àti Iota jọ wọ Nicaragua láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ìgbìmọ̀ náà fòpin sí lílo lẹ́tà Gíríìkì, wọ́n sì ṣe àtòjọ àfikún tí orúkọ èèyàn wà nínú rẹ̀. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé ó gbà wọ́n ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti rí ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ka ìròyìn lórí rédíò rí ìgbà kan á ti mọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì Àtìláńtíìkì yìí ti ń ṣẹ̀ wá kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Lásìkò òjò, ooru Sàhárà àti omi etíkun Gini tó tutù jù ú lọ ń fa odò afẹ́fẹ́ kan tó ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 sókè ilẹ̀. Odò afẹ́fẹ́ yìí máa ń wọ́, wíwọ́ rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìgbì ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí nǹkan bíi 60 rẹ̀ ń gba orí Sùdáànù, Ṣáàdì, Nàìjíríà, Nìjẹ̀ àti Màlì kọjá lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà lọ́dọọdún, pẹ̀lú òjò àti àrá. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń kú sórí omi. Díẹ̀ tó bá bá omi gbígbóná pàdé, tí atẹ́gùn òkè kò sì fà á ya, ló ń di ìjì, síbẹ̀ nǹkan bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn họ́ríkéènì tó le jù ní Àtìláńtíìkì ló ti ọ̀dọ̀ ìgbì yìí wá. Èkó fúnra rẹ̀ kì í rí họ́ríkéènì, nítorí pé ó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, omi etíkun rẹ̀ ń tutù ní àárín ọdún, ìgbì náà sì ń rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Cabo Verde, tó wà lójú ọ̀nà, fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ pátápátá: nígbà tí Fred jà á ní ọdún 2015, láti 1892 ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kẹ́yìn.

Orúkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, Sípéènì àti Faransé ló kún àtòjọ náà, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò sì ní àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń tò ó, nítorí pé orílẹ̀-èdè àríwá àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà pẹ̀lú Kàríbíánì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan á fẹ́ ka èyí sí ìyànjẹ. Ojú tó tọ́ láti fi wò ó yàtọ̀: ìgbì tó kúrò ní Dakar kò ní padà wá, ẹni tí yóò sá fún un wà ní Havana, Kingston tàbí New Orleans, etí tiwọn ni orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ bá mu. Kúbà kò tilẹ̀ ṣàìní orúkọ tó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ fún ohun tó ń bọ̀ lókè òkun. Àwọn Lùkùmí tó ń bọ Ọya níbẹ̀ ti mọ ẹni tó ni ẹ̀fúùfù kí àtòjọ kankan tó wà, Fernando Ortiz tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé nípa àṣà wọn sì kọ odidi ìwé kan lórí họ́ríkéènì nìkan ní ọdún 1947.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá Pàsífíìkì, orúkọ obìnrin àti ọkùnrin Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò láti ìparí ogun títí di ọdún 1999, ní etíkun tó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2000, ọmọ ẹgbẹ́ 14 ti Ìgbìmọ̀ Taifúùnù, láti Kàm̀bódíà dé Vietnam, ló ń mú orúkọ mẹ́wàá mẹ́wàá wá, tó fi jẹ́ 140, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Jàpáànù ló sì ń yàn wọ́n fún ìjì bí wọ́n ti tò, láìbìkítà bóyá ọdún yí padà. Orúkọ èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Damrey, tó ṣíwájú àtòjọ, jẹ́ erin ní èdè Kàm̀bódíà. Mangkhut jẹ́ orúkọ èso kan ní Tàìláńdì. Jàpáànù mú orúkọ tí wọ́n fi ń pe àgbájọ ìràwọ̀ wá, irú bíi Yagi tó jẹ́ ewúrẹ́. Ọba inú ìtàn kan tó jẹ́ ọ̀bọ, Wukong, wà níbẹ̀ láti Ṣáínà. Hawaii ń lo orúkọ èdè ìbílẹ̀ tirẹ̀ fún àárín gbùngbùn Pàsífíìkì. Filipíìnì ní tirẹ̀ kò gbà kí orúkọ àjèjì nìkan máa wọlé: láti ọdún 1963 ni wọ́n ti ń fi orúkọ tí àwọn aráàlú mọ̀ pe gbogbo ìjì tó bá wọ agbègbè wọn, nítorí náà ìjì kan lè ní orúkọ méjì. Àwọn awòye kan lókè òkun ka èyí sí ìdàrúdàpọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gbé abúlé apẹja kò sí lórí ìlà àwọn awòye, orúkọ tó lè pè ló máa sọ fún aládùúgbò rẹ̀.

Ìtàn Òkun Íńdíà ti àríwá wúwo jù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970, ìjì kan wọ ìlà-oòrùn Pakistan, tó di Bangladẹ́ṣì lónìí, ó sì pa èèyàn tí wọ́n fojú bù sí ó kéré tán 300,000, òun sì ni ìjì ayípo tó tíì pa èèyàn jù lọ tí àkọsílẹ̀ wà fún. Kò ní orúkọ kankan. Bhola tí wọ́n ń pè é lónìí jẹ́ orúkọ erékùṣù tó gbá lọ. Títí di ọdún 2004 ni agbègbè náà kò fi ní àtòjọ, nítorí pé orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ẹ̀sìn àti ìṣèlú wọn yàtọ̀ síra kò rí orúkọ tí kò ní bí ẹnì kan nínú. Onil, láti Bangladẹ́ṣì, ló kọ́kọ́ gba orúkọ ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Orúkọ tí wọ́n bá lò lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀ kì í padà wá, nígbà tí orúkọ 64 àkọ́kọ́ sì tán pẹ̀lú Amphan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, orílẹ̀-èdè 13 ti fọwọ́ sí 169 mìíràn, lábẹ́ òfin pé orúkọ kò gbọ́dọ̀ kan ìṣèlú, ẹ̀sìn tàbí takọtabo, kò sì gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ. Òfin náà ní ìdí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe ìjì kan ní Mahasen ní ọdún 2013, wọn kò wolé dáadáa: ọba Sri Lanka àtijọ́ tó gbẹ́ adágún omi tí ọrọ̀ fi wọ ìlú ló ń jẹ́ Mahasen, àwọn ará ibẹ̀ sì fárígá pé kí wọ́n má fi orúkọ rẹ̀ pe apani. Wọ́n yí i padà sí Viyaru nígbà tí ìjì náà ṣì ń rìn, ohun tí awòye ojú ọjọ́ kankan kò fẹ́ rí, nítorí pé ọ̀nà tó yá jù láti da etí olùgbọ́ rú ni kí orúkọ yí padà lágbedeméjì ìkìlọ̀.

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Òkun Íńdíà, iṣẹ́ pín sí ọwọ́ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Faransé ní La Réunion ló ń sọ bí ìjì ṣe lágbára tó, ṣùgbọ́n Moríṣọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́ lórúkọ bó bá wà ní ìlà-oòrùn ìwọ̀n 55, tí Madagásíkà sì ń sọ ọ́ bó bá wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Nígbà kan rí, ìjì tó bá ti ẹ̀gbẹ́ Ọsirélíà kọjá wọlé ń gba orúkọ tuntun ní ẹnu ààlà, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Leon, tó di Eline kó tó wọ Mòsáḿbíìkì ní oṣù Kejì ọdún 2000, tí ìwé ìtàn fi ń pè é ní Leon–Eline bí ẹni pé èèyàn méjì ni. Freddy kò rí bẹ́ẹ̀. Ọsirélíà sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, ó la gbogbo Òkun Íńdíà já pẹ̀lú orúkọ kan náà, ó wọ Madagásíkà, ó wọ Mòsáḿbíìkì, ó padà sójú omi, ó tún wọ Mòsáḿbíìkì lẹ́ẹ̀kejì, òjò rẹ̀ sì fa ẹrẹ̀ òkè wálẹ̀ ní Màláwì, níbi tó ti pa èèyàn tó ju 600 lọ. Ọjọ́ 36 ló fi wà láàyè, kò sí ìjì mìíràn nínú àkọsílẹ̀ tó pẹ́ tó o. Nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, ẹni tó gbọ́ Freddy ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ̀ pé òun náà ni wọ́n ń sọ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Iṣẹ́ tí orúkọ wà fún nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun tí Leon–Eline lè ṣe.

Gúúsù Àtìláńtíìkì kò ní ìgbà ìjì. Ìgbà tí Catarina wọ ìpínlẹ̀ Santa Catarina ní Bùràsíìlì ní oṣù Kẹta ọdún 2004 ni wọ́n tó gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀, láti 2011 sì ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Bùràsíìlì ti ń lo orúkọ tó jẹ́ pé èdè àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Akará, ìjì oṣù Kejì ọdún 2024, wà lára wọn. Kí ará Bahia tó ń jẹ àkàrà má ṣe tàn ara rẹ̀ jẹ, ẹja ni ní èdè Tupi.

Ibi tí agbára orúkọ pin sí hàn ní Tacloban, ní Filipíìnì, ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Haiyan, tí àwọn aráàlú ń pè ní Yolanda, kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti di òrùlé wọn, wọ́n ti kó oúnjẹ pamọ́, wọ́n ń retí atẹ́gùn. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ju 6,000 lọ tó kú ni omi òkun tí ìjì tì wọ ìlú, tó ga tó mítà márùn-ún níbòmíràn. Ìkìlọ̀ náà sọ nípa omi yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn awòye ń lò láàárín ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, àwọn tó yè bọ́ sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé bí wọ́n bá ti pè é ní súnámì, àwọn ì bá ti sá gun òkè. Wọ́n fi orúkọ tó yé gbogbo èèyàn sórí ìjì, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni sórí ohun tí ìjì náà ń gbé bọ̀. Wọ́n yọ Haiyan àti Yolanda kúrò lórí àtòjọ méjèèjì, Bailu àti Yasmin ló rọ́pò wọn. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Filipíìnì fi ipele karùn-ún kún àmì ìkìlọ̀ ìjì tirẹ̀, ìkìlọ̀ nípa omi tí ìjì ń tì wọ ìlú sì di ohun tí wọ́n ń kọ lọ́tọ̀, pẹ̀lú gíga rẹ̀ ní mítà àti orúkọ àwọn ìlú etíkun tó lè dé.